Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Ìlà Oòrùn

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àbúrò mi obìnrin fi fọn fèrè ọkọ̀ níwájú ilé tí mo dé sí ní Albuquerque. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ New Mexico, àwọn Navajo ló sì pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn tó ń tọ́jú. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo àwọn èèyàn yìí. Bí wọ́n bá ń kí ara wọn, ẹ ó rò pé Ọ̀yọ́ lẹ wà." Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá a lóhùn. Kí ló pa aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Ọ̀yọ́ pọ̀?

Èmi alára, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìbàdàn. Ohun tó máa ń dùn mí jù lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ti ọmọ tó mọ̀wé, tí yóò kàn ṣàdéédéé dáwọ́ dúró, tí a kò ní rí i mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn Navajo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ tí wọ́n sì ń darí fúnra wọn, mo bẹ àbúrò mi kó gba ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́, kó gbé mi lọ.

Ọ̀nà ńlá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn la gbà. Bí a ṣe ń sún mọ́ ìlú Grants, òkè kan yọrí lápá ọ̀tún wa, ìkùukùu wé e lórí bíi gèlè. Mount Taylor ni máàpù kọ sí i. "Tsoodził ni tiwọn," àbúrò mi sọ. Òkè mẹ́rin ni àwọn Navajo kà sí òpó ilé ayé wọn, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, ọ̀kan ní gúúsù, ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan ní àríwá. Èyí ni ti gúúsù. Ohun tó bá wà láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ilé. Àlejò ló sọ wọ́n ní Navajo. Diné ni wọ́n ń pe ara wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "àwọn èèyàn" lọ.

Ilẹ̀ tó kù sí wọn lọ́wọ́ tàn ká ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Arizona, New Mexico àti Utah. Bí ẹ bá kó Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Èkó pọ̀, wọn kò fi púpọ̀ tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé orí gbogbo ilẹ̀ yẹn kò tó 200,000. Ní 2021, orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400,000. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ wọn tó wà lájò pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ. Mo rò ó wò lọ́kàn ara mi: ọmọ kan wà ní abà kan lẹ́yìn Ṣakí, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ lọ wà ní Ìkòròdú, kò sì sí dáńfó kankan lójú ọ̀nà.

A jẹun ní Gallup, a yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, a sì dé Window Rock, olú-ìlú wọn. Àpáta pupa kan ló fún un lórúkọ: ihò róbótó lu àárín rẹ̀ já, ojú ọ̀run ń gba inú rẹ̀ wo èèyàn. Ère kan wà lábẹ́ àpáta náà fún ìrántí àwọn ọmọ Navajo tó fi èdè wọn jagun. Ní 1942, àwọn 29 ló kọ́kọ́ fi èdè Navajo ṣe àdììtú ọ̀rọ̀ fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àwọn Japan kò sì rí i tú. Ilé-ìwé ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kàwé, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọmọ níyà bí ó bá sọ èdè yẹn kan náà.

Àbúrò mi ń ya fọ́tò. Èmi dúró síbẹ̀, mo ń ronú nípa ìwé àdéhùn kan tí mo ti kà kí n tó wá. Ní 1864 ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà jó oko àwọn Navajo, wọ́n gé igi eléso wọn lulẹ̀, wọ́n sì dà wọ́n bí ẹran lọ sí Bosque Redondo, ìrìn ẹsẹ̀ tó lé ní 300 máìlì. Wọ́n sé èèyàn tó ju 8,000 mọ́ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ebi, òtútù àti àrùn sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Júùnù 1868 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó lè padà sílé. Abala kẹfà ìwé náà sọ pé kí wọ́n fi ọmọ wọn, láti ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìndínlógún, sí ilé-ìwé. Ìjọba ní tirẹ̀ yóò pèsè ilé-ìwé àti olùkọ́ kan fún ọgbọ̀n ọmọ.

Olùkọ́ kan fún ọgbọ̀n ọmọ! Èmi tí mo ti dúró níwájú ọmọ 90 nínú kíláàsì kan ṣoṣo mọ bí ìlérí yẹn ṣe wúwo tó. Ṣùgbọ́n kò délé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí gbà ni ilé-ìwé tó jìnnà réré sí ìyá ọmọ. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Carlisle ní Pennsylvania, tí ọ̀gágun Richard Henry Pratt dá sílẹ̀ ní 1879. Bí ọmọ bá débẹ̀, wọ́n á gé irun rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, èdè ilé rẹ̀ á sì di èèwọ̀. Manuelito, ọ̀kan nínú àwọn balógun Navajo tó pẹ́ jù lójú ogun kí wọ́n tó túúbá, gbà pé ìwé ni àkàbà tí àwọn èèyàn òun yóò fi gòkè. Ó fi àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Carlisle. Àìsàn gbà wọ́n mọ́ ọn lọ́wọ́. Lónìí, orúkọ Manuelito ni wọ́n fi pe sikọ́láṣíìpù tí ìjọba Navajo ń fún àwọn ọmọ tó bá mókè jù nílé-ìwé gírámà. Mo ka orúkọ náà lórí pátákó kan, ó sì ṣe mí bíi kí n ṣí fìlà.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024 ka irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ dé 417, ó sì rí ẹ̀rí ikú ọmọ 973, ó kéré tán. Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún náà ni Ààrẹ Joe Biden lọ sí ilẹ̀ Gila River ní Arizona, tó tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá àgbà Navajo kan bá ń wo ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú wálé, ẹ má ṣe rò pé ayọ̀ nìkan ló wà lójú rẹ̀.

Láti Window Rock, ọ̀nà kejìlá gbé wa gba Fort Defiance lọ sí àríwá. Igi páìnì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò iyanrìn. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí a tó pàdé ọkọ̀ kan. Fóònù mi kò mọ aago tó fẹ́ jẹ́ mọ́: àwọn ará Arizona tó kù kì í yí aago padà ní ìgbà ooru, àwọn Navajo ń yí i, ọ̀nà náà sì ń wọ ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. "Ẹ pa á," àbúrò mi ní. "Oòrùn ni kẹ́ ẹ máa wò."

A kọjá ìlú kékeré kan tán ni a rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan létí ọ̀nà, ó nawọ́ sí wa. Ká ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú ni, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dúró. Àbúrò mi ti tẹ bíréèkì kí n tó lanu. "Bí wọ́n ṣe ń rìn níbí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi." Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí à ń lọ gan-an ni. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń gbé e kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ilé-ìwé sì jìn sí ilé wọn tó ọgbọ̀n máìlì. Ó pe àbúrò mi ní àǹtí, ó pe èmi ní bàbá àgbà, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo bi í bóyá ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ó rẹ́rìn-ín. Yunifásítì ńlá kan ní ìgboro ló ti kọ́kọ́ lọ. Wọ́n tiẹ̀ san owó ilé-ìwé fún un. Táámù kan péré ló lò níbẹ̀.

"Kí ló dé?" Ohùn olùkọ́ ni mo fi béèrè, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu ara mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó bèèrè nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò. Ilé wọn kò ní ìkankan. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ ó yà lẹ́yìn àpótí lẹ́tà kẹta, ẹ ó máa wo táǹkì omi títí tí ẹ ó fi rí òrùlé búlúù. Fọ́ọ̀mù bèèrè owó orí àwọn òbí. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, àgùntàn àti aṣọ híhun ni ìyá àgbà fi ń jẹun, kò sì gba ìwé owó orí kankan rí. Olùkọ́ kan ló bá a jókòó ní àṣálẹ́ mẹ́ta kí fọ́ọ̀mù náà tó lọ. Ó wá dé ìgboro, ó bá ara rẹ̀ nínú kíláàsì tí èèyàn tó 300 jókòó sí. "Láti ìgbà tí mo débẹ̀," ó ní, "ẹnì kankan ò bi mí pé ọmọ ta ni mí." Nígbà tó yá, ìyá àgbà ṣubú, ó fi ìbàdí ṣẹ́. Ilé wọn kò ní ẹ̀rọ omi, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé lórí ilẹ̀ Navajo; inú àgbá ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé omi wálé. Ta ni yóò máa gbé e? Ọmọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀. Yunifásítì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dáwọ́ dúró.

Ẹnu mi wọhò. Ọmọ kan wá sí mi lọ́kàn, ọmọ tó ń ti abúlé kan lójú ọ̀nà Ìjàyè wá sílé-ìwé wa, tí ìṣirò máa ń yé kó tó yé mi. Ní fọ́ọ̀mù kẹrin, a kò rí i mọ́. Mo kọ "kò wá mọ́" sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, mo sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Mi ò mọ ilé wọn. Mi ò béèrè.

Tsaile wà lórí ilẹ̀ gíga, lẹ́sẹ̀ òkè Chuska, ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ débi pé mo ń mí hẹlẹ kí n tó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àárín kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ilé alájà mẹ́fà kan wà, gíláàsì ló dà bò ó, ó sì rí bíi hogan, ilé ìbílẹ̀ wọn tí kì í ní orígun mẹ́rin bíi tiwa. Ned Hatathli ni orúkọ ilé náà. Òun ni ọmọ Navajo àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ibẹ̀; ó kú ní 1972, ọdún kan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kó wá sí Tsaile. Ẹnu ọ̀nà kọjú sí ìlà oòrùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni hogan ṣe ń kọjú: kí oòrùn àárọ̀ lè kọ́kọ́ bá onílé.

Ètò ẹ̀kọ́ wọn pàápàá, bí oòrùn ṣe ń rìn ló ń rìn. Nitsáhákees, ìyẹn ìrònú, jẹ́ ti ìlà oòrùn. Nahat'á, ìyẹn ìmọ̀ràn àti ètò, jẹ́ ti gúúsù. Iiná, ìgbé ayé, jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn. Siihasin, tí èèyàn á fi padà wo ohun tó ṣe kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, jẹ́ ti àríwá. Mo béèrè bóyá àwọn tó ń kọ́ ìṣirò náà ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní gbogbo kọ́ọ̀sì ni. Ronú sí i, gbèrò rẹ̀, ṣe é, padà wò ó: olùkọ́ ìṣirò wo ni yóò kọ ìyẹn?

Ní yàrá ìhunṣọ ni àṣírí mi ti tú. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó ti òfì tó dúró gangan, ó ń fi ọwọ́ gba òwú pupa àti dúdú wọlé. Irú òfì ìnàró yẹn ni àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá, mo sì sáré sún mọ́ ọn. Mo kí i, mo sọ orúkọ mi, mo sọ dìgírì tí mo gbà àti ilé-ìwé tí mo ti kọ́ni. Ó ń wò mí, ó ń retí. Mo parí ọ̀rọ̀, ó ṣì ń retí. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ló gbà mí sílẹ̀: "Bàbá àgbà, ẹ ò tíì sọ ẹni tí ẹ jẹ́." Ọmọ Diné tó bá ń fi ara rẹ̀ hàn yóò ka ìran mẹ́rin: ìran ìyá rẹ̀ tó bí i sí, ìran bàbá rẹ̀ tó bí i fún, ti bàbá ìyá rẹ̀, àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò tó mọ̀ bóyá àbúrò òun ni tàbí ọmọ òun. Mo bá tún ọ̀rọ̀ mi gbé. Mo ní ọmọ Òpómúléró ni bàbá mi, ọmọ Oníkòyí ni ìyá mi. Ojú ìyá náà là. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí mo fi bàbá ṣáájú? Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀yọ́ tó ń wí látijọ́ nìyí.

Ìyá náà kì í ṣe ohun ìran wíwò fún àlejò. Olùkọ́ ni. Híhun aṣọ Navajo àti iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ fàdákà jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gba dìgírì lé lórí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á lórí ìmọ̀ ohun alààyè, ìlera ará ìlú àti iṣẹ́ olùkọ́ni.

Ìtàn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò gùn. Ní 1968 ni ìgbìmọ̀ Navajo fọwọ́ sí i. Ní oṣù Jánúárì 1969 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí wọ́n yá lọ́wọ́ ilé-ìwé kan ní Many Farms. Ní 1971 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fún un lówó, ó kó wá sí Tsaile ní 1973, ó sì gba orúkọ Diné College ní 1997. Àwọn ẹ̀yà yòókù rí i, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n báyìí. Òfin 1978 ló ń gbọ́ bùkátà wọn: ó ṣèlérí iye kan lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó sì ní kí iye náà máa gòkè bí ọjà ṣe ń gòkè. Ọjà ń sáré, owó ń rá pálá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, tó wá kàwé níbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn, kò mú kọ́bọ̀ kan wá láti inú owó òfin yẹn.

Mo jókòó sẹ́yìn ní kíláàsì èdè. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, mo sì rí ohun tó mú mi dìde dúró: àmì ohùn lórí fáwẹ̀lì! Olóhùn ni èdè Navajo. Ohùn òkè ń gba àmì bíi tiwa, ohùn ìsàlẹ̀ kì í gba nǹkan kan. Ọmọ kan ṣi ohùn sọ, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ẹ̀rín yẹn. Ní 1966 ni àwọn Navajo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè wọn kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Rough Rock, tí àwọn òbí àdúgbò ń darí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Navajo gbé tiwọn dé yunifásítì. Àwa gbé tiwa sí ilé ìkàwé.

Ní ilé oúnjẹ, lórí ọbẹ̀ ẹran àgùntàn, mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin wa ohun tó yàtọ̀. Ó ní níbí, bí òun kò bá wá fún ọjọ́ méjì, ẹnì kan yóò pe ìyá àgbà. Bí ó bá di ọdún tó le, ẹ̀ka wọn wà ní Chinle, Shiprock, Crownpoint, Tuba City àti Window Rock. Ó lè gba kíláàsì níbi tó bá sún mọ́ ọn. Ìlera ará ìlú ló ń kà. Lẹ́yìn èyí, ó fẹ́ padà sí yunifásítì ìgboro fún dìgírì kejì. Mo wò ó. "Ẹ̀rù ò bà ọ́?" "Rárá. Nísinsìnyí, mo mọ ibi tí mo ti ń bọ̀."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹnu lásán ni mo fi ń pa òwe yẹn fún ọmọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n kò lè fi òwe dáhùn. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ó lé, èédú ló ń fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní owó oṣù tó dára. Ní 2019 ni iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Navajo Generating Station nítòsí Page àti ibi ìwakùsà Kayenta tó ń fún un ní èédú tì pa. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ ra ilé àti ọkọ̀ kò lè tẹ̀ lé ipasẹ̀ bàbá mọ́. Iṣẹ́ tó kù lórí ilẹ̀ náà, ti ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ìjọba ni, gbogbo wọn ló sì ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí.

"Ilé ìwòsàn ń wá wọn bí ẹni wá omi," àbúrò mi sọ. Bí ìyá àgbà kan bá dé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Bí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ bá gbọ́ èdè rẹ̀, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá nìyẹn. Láti 1976 ni òfin ìlera àwọn ọmọ onílẹ̀ ti là á kalẹ̀ pé kí ìjọba san owó ilé-ìwé ọmọ tó bá fẹ́ di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kí ọmọ náà sì fi ọdún iṣẹ́ láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ san án padà. Ní ilẹ̀ Cherokee, ní Tahlequah ní Oklahoma, ilé-ẹ̀kọ́ dókítà àkọ́kọ́ tó wà lórí ilẹ̀ ẹ̀yà onílẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní 2020. Àwọn dókítà àkọ́kọ́ ibẹ̀ jáde ní 2024.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Lori Arviso Alvord, ọmọ Crownpoint, ni obìnrin Navajo àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ. Dartmouth ló ti gba dìgírì àkọ́kọ́. Ìwé ìdásílẹ̀ Dartmouth ní 1769 sọ pé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ọmọ onílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀; ní igba ọdún àkọ́kọ́, 19 péré nínú wọn ló jáde níbẹ̀. Nígbà tí Alvord dé ilé-ẹ̀kọ́ dókítà ní Stanford, wọ́n gbé òkú síwájú rẹ̀ pé kó là á. Èèwọ̀ ni fún Navajo láti fọwọ́ kan òkú. Ó sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ ní 1999. Sikọ́láṣíìpù wo ló ní àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àgbàlagbà tó mọ èèwọ̀ náà, tó sì lè bá ọmọ sọ ọ́, nìkan ló wúlò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a gun òkè láti Lukachukai, a sọ̀ kalẹ̀ sí apá Shiprock, àpáta gàgàrà tó dá dúró lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tí òkun gbẹ mọ́ lẹ́sẹ̀. A sùn ní Durango ní Colorado, ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ Navajo. Ohun tí mo fẹ́ rí níbẹ̀ ni Fort Lewis College, tó jókòó sórí òkè pẹrẹsẹ kan tó ń wo ìgboro nísàlẹ̀. Ibùdó ọmọ ogun ni Fort Lewis tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń kó ọmọ onílẹ̀ lọ. Ní 1911, ìjọba àpapọ̀ fi ilẹ̀ ibùdó àtijọ́ náà fún Colorado lórí ìlérí kan: ibi ẹ̀kọ́ ni yóò máa jẹ́, ọmọ onílẹ̀ kò sì ní san owó ilé-ìwé níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ìpínlẹ̀ náà fẹ́ fi ìlérí náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ tó jẹ́ ará Colorado nìkan. Ilé ẹjọ́ kọ̀ jálẹ̀. Títí di òní, láti ẹ̀yà yòówù kó jẹ́, ọmọ onílẹ̀ ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2022, University of Arizona náà kéde pé àwọn ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ 22 tó wà ní ìpínlẹ̀ Arizona kò ní san owó ilé-ìwé fún dìgírì àkọ́kọ́ mọ́.

Mo wo ilé gogoro aago wọn. Àwọn àwòrán kan ti wà lára rẹ̀ rí tó ń sọ ìtàn ilé-ìwé àtijọ́ yẹn bí ẹni pé ọmọ ń gbádùn níbẹ̀. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2021, kọ́lẹ́ẹ̀jì yọ wọ́n kúrò níṣojú àwọn àgbà onílẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin kan tí a bá pàdé lẹ́bàá ibẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n yàrá kì í ṣe ọ̀fẹ́, oúnjẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́, epo mọ́tò tí yóò gbé e lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nígbà ayẹyẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti yọ àwọn àwòrán yẹn, òun lè jókòó sábẹ́ aago náà kàwé.

Nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti ju ọdún 25 lọ, ìdá àwọn tó ní dìgírì kò tó ìdajì ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ ń ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ owó. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láàárín Tsaile àti Durango ni pé ọmọ tó dáwọ́ dúró kì í sábà jẹ́ ọmọ tó gọ̀, kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọmọ tí kò rówó. Ọmọ tí ilé-ìwé kò mọ ilé rẹ̀ ni. Ní oṣù Júùnù 1868 ni wọ́n ṣèlérí olùkọ́ kan fún ọgbọ̀n ọmọ fún àwọn Navajo. Ní 1968, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ni wọ́n fọwọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn. Wọn kò dúró de ìlérí mọ́. Wọ́n kọ́lé, wọ́n sì kọ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ìlà oòrùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé, ẹ ṣí rẹ́jísítà yín. Ẹ wo iwájú orúkọ tí ẹ kọ "kò wá mọ́" sí. Ẹ bèèrè ọ̀nà ilé wọn, kí ẹ sì lọ.